Ẹ Pàtẹ Ìwé Yín, Ká Lè Fowó Rà Á

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí irú ìbéèrè yìí kì í wọ gúrúùpù WhatsApp àwa olùkọ́ èdè Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta ló ní PDF ìwé eré-onítàn tí WAEC yàn? Àwọn ọmọ máa lò ó lọ́la o." Kò ní í pẹ́ tí ẹnìkan á fi jù ú sílẹ̀. Àdúrà á wá bẹ̀rẹ̀: "Ọlọ́run á bù kún yín, sà." "Ẹ ò ní í wá nǹkan tì." "Ọ̀nà yín á máa là, mà." Wọ́n á gbàdúrà fún ẹni tó gbé e sílẹ̀, wọ́n á gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. N kò tíì rí i kí ẹnìkan gbàdúrà fún ẹni tó kọ ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbàdúrà yìí ṣe rí. Fóònù ni wọ́n fi ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò ẹni tó ń yà á wà ní igun ìsàlẹ̀, òjìji orí rẹ̀ sì bo ìdajì ewé. A ka ewé 46 tán, 49 ló tẹ̀lé e. Àmì ohùn ti pòórá, àmì abẹ́ lẹ́tà ti di èérí, ọmọ tó ń kà á kò sì lè mọ̀ bóyá ọkọ ni òǹkọ̀wé ń sọ ni tàbí oko. Ìwé tí ènìyàn fi ọdún gbáko jókòó kọ, tí olùyẹ̀wò fi gègé pupa tẹ̀lé àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìbàdàn. N kò bá òǹtẹ̀wé kankan tan, n kò sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè má tẹ́ àwa òǹkàwé lọ́rùn, ó sì lè má tẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé náà lọ́rùn. Ìwé tó wà lọ́jà, tí ọwọ́ wa ká owó rẹ̀, tí a wá ń pín in fún ara wa lọ́fẹ̀ẹ́, olè la jà. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹni tó ni àṣẹ rẹ̀ ti tì mọ́ yàrá láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí kò tún un tẹ̀, tí kò tà á sórí fóònù, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tà á, òun ló kọ́kọ́ ṣẹ òǹkàwé. Kò yẹ kó máa fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ẹni tó wá ìwé náà kiri títí tó fi rí fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá ara wa sọ òótọ́, àwa tí à ń kàwé.

Nígbà kan, wọ́n gbé ìwé ewì kan sínú gúrúùpù wa. Àdúrà ti ń lọ ní rẹbutu kí bàbá kan tí kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ tó kọ nǹkan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá náà. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ó ṣì kù nílé, ẹ lè pè mí bí ẹ bá fẹ́." Gúrúùpù dákẹ́ lọ gbári. Ẹnìkan fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń bẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó gbé ìwé náà sílẹ̀ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó fẹ́ ẹ ti gbà á sórí fóònù wọn, wọ́n sì ti fi ṣọwọ́ sí gúrúùpù mìíràn.

Mo pe bàbá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó gírátúítì rẹ̀ ló fi tẹ ìwé náà, torí àwọn òǹtẹ̀wé tó tọ̀ lọ sọ fún un pé ewì kì í tà. Ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan ló tẹ̀. Páálí ìwé ọ̀hún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá àlejò, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti da aṣọ bo méjì nínú rẹ̀, ó gbé tẹlifíṣọ̀n lé e. Bàbá kò bínú. Ohun tó ń sọ ṣáá ni pé inú òun dùn pé wọ́n ń kà á. Èmi ni inú ń bí. A lé ní igba nínú gúrúùpù yẹn, olùkọ́ ni gbogbo wa, oníkálukú wa ló sì mọ iye tí òun ń ná lórí dátà lóṣù. Kò sí èyí tó lè ní òun kò mọ̀ pé ẹni tó kọ ìwé yẹn ń jẹun.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ láàárín Yorùbá láyé àtijọ́, pé òyìnbó ló kọ́ wa ká máa ta ọ̀rọ̀ ẹnu. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá máa ń sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó ń ro oko, ó ń pọnmi, ó ń gbé àpò tẹ̀lé e káàkiri kí wọ́n tó fi odù lé e lọ́wọ́. Ẹni tí onírárà bá kì dáadáa kì í kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ àpò. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ní ẹbí tó ń bọ́. Àwa tí a kàwé jù wọ́n lọ la fẹ́ máa ṣe bí ẹni pé ìwé ń hù látinú ilẹ̀.

Òfin náà kò sì fi ọ̀rọ̀ bò. Copyright Act 2022, òfin tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí òfin àtijọ́ kò mọ̀ rárá. Òǹkọ̀wé tó bá bá iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì láìgbàṣẹ lè kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ìkànnì náà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Òun ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kú, àwọn ajogún rẹ̀ á sì tún ni ín fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. D. O. Fágúnwà kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Títí ọdún 2033 yóò fi parí, ẹ̀tọ́ ṣì wà lórí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kú ní 2018. Ti tirẹ̀ di ìparí ọdún 2088. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ báyìí á ti di arúgbó nígbà náà.

Ó gùn, àmọ́ n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí gígùn rẹ̀. Ohun tí mo ń bi àwọn òǹtẹ̀wé ni pé, kí lẹ ń fi gbogbo àsìkò yìí ṣe?

Ìbàdàn tí mo ń gbé yìí jẹ́ ojúkò ìtẹ̀wé ní Nàìjíríà. Oxford University Press ti dé láti 1949, òun náà ló di University Press ní 1978, tó wà ní Jẹ́ríkò títí dòní. Evans wà, Heinemann wà, Oníbọnòjé náà wà. Ẹ wo ohun tó jáde láàárín ọdún 1969 sí 1974 nìkan: Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Ìṣọ̀lá, Rẹ́rẹ́ Rún ti Òkédìjí, Ó Le Kú ti Ìṣọ̀lá. Bí ènìyàn bá kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ sórí tábìlì kan, ojú á tì í láti sọ pé Yorùbá kò ní ìwé.

Ìwé tí àjọ ìdánwò bá yàn ṣì ń rí ìtẹ̀jáde tuntun. Ọdún tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó di ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Ọ̀pọ̀ ìwé tí kò rìnnà kore bọ́ sí ọwọ́ àjọ ìdánwò rí, ìgbà kan tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ lónìí á lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé, á tẹ̀ ba láàárín eruku, á sì dúpẹ́ bó bá rí èyí tí èkúté kò tíì jẹ. Ní ẹnu ọ̀nà àwọn yunifásítì wa, fọ́tòkọ́pì ti ń ṣe iṣẹ́ òǹtẹ̀wé tipẹ́tipẹ́ kí PDF tó dé. Ta la fẹ́ ní kó máa jẹ̀bi? Ọmọ tó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ oyè lórí ìwé tí kò sí ní ọjà kankan láyé?

Òfin yẹn kan náà rò ó tẹ́lẹ̀. Bí ìwé bá ti kúrò lọ́jà fún iye àkókò tí òfin là sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún un tẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lè lọ tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé, kó sì san ohun tó tọ́ fún ẹni tó ni ín. Ilẹ̀kùn yẹn wà ní ṣíṣí. Ó yẹ kí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì wa ti gba ibẹ̀ wọlé.

Mo mọ ìṣòro àwọn òǹtẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ pépà mẹ́ta tí ìjọba kọ́ sí Jẹ́bbà, Ìwópin àti Oku Iboku ti dẹnu kọlẹ̀, òkè òkun la ti ń kó pépà wọlé báyìí, dọ́là la sì fi ń rà á. Àwọn olè tó ń tẹ ayédèrú ìwé kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Bí ìwé kan bá ti gbajúmọ̀ tán, ẹ̀dà rẹ̀ tó rí jákujàku á ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ l'Ékòó, owó rẹ̀ á sì fi ìdajì wálẹ̀. Ẹni tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tọ̀ọ́ láti fura. Ṣùgbọ́n ìwé orí fóònù kò nílò pépà, kò nílò táǹkì dísù jẹnẹrétọ̀, kò nílò ọkọ̀ tó máa kó o lọ sí Adó-Èkìtì. Ibi tí ìnáwó ti dínkù jù lọ yìí gan-an ni wọn kò fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mo bá pàdé níbi ìpàtẹ ìwé kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mà, bí a bá gbé e sórí fóònù, ẹ̀dà kan ṣoṣo la máa tà. Ẹni tó rà á ló máa pín in ká gbogbo ayé." Mo fi fóònù mi hàn án. Ìwé ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù láti ọdún tó kọjá, fọ́tò onítàǹpàkò ni. Ìwé tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa pín, wọ́n ti pín in tán. Ohun tó kù tí kò tíì ṣe ni kó fún ẹni tó fẹ́ sanwó láǹfààní àtisanwó.

Àwọn ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, ní ìṣòro tiwọn. Wọ́n wà lórí ẹ̀rọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé dọ́là mẹ́wàá tó jẹ́ nǹkan bíi ₦4,600 kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti ń lọ sí ₦15,000 ní 2024. Ọdún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ìwé kan ṣoṣo á wá gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù. Kódà ẹni tó lówó náà lọ́wọ́ kò bọ́: ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là ogún lóṣù, nígbà tó sì yá wọ́n dá a dúró fún ìgbà kan. Bí èyí náà bá tún yanjú, ìkànnì lè sọ fún ọ pé wọn kò ta ìwé náà fún orílẹ̀-èdè rẹ, torí ẹni tó ra àṣẹ rẹ̀ fún Amẹ́ríkà kò ra ti ibí. Ọmọ Abẹ́òkúta á kọ ìwé nípa Abẹ́òkúta, ará Abẹ́òkúta kò sì ní rí i rà.

Ká wá ní o rí i rà, ṣé o ti ni ín? Ní oṣù keje ọdún 2009, àwọn kan tó ti fowó wọn ra ìwé George Orwell méjì, 1984 àti Animal Farm, sórí Kindle ní Amẹ́ríkà wá ìwé náà, wọn kò rí i mọ́. Amazon ló ti ọ̀nà jíjìn pa á rẹ́, torí ẹni tó gbé ẹ̀dà ọ̀hún wá tà lórí ìkànnì rẹ̀ kò láṣẹ lórí rẹ̀. Wọ́n dá owó padà, Jeff Bezos tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọmọ ilé-ìwé kan wà lára wọn tó ti kọ àkíyèsí rẹ̀ sára ìwé náà fún iṣẹ́ àmúrelé; gbogbo rẹ̀ di asán. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Microsoft ti ilé-ìtàwé orí ẹ̀rọ tirẹ̀ pa. Òun náà dá owó padà, àmọ́ ìwé tí àwọn ènìyàn ti rà kò ṣí mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Amazon tún yọ ọ̀nà tí olùrà fi ń gba ìwé Kindle rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà láti tọ́jú rẹ̀ kúrò. Ẹni tó ta aṣọ fún ènìyàn kì í di etí aṣọ náà mú.

Irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Wọ́n já fóònù mi gbà ní Ìwó Road. Nígbà tí mo ra òmíràn, ìkànnì tí mo ti ra ìwé ní kí n fi nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù àtijọ́ jẹ́rìí ara mi. Mo kọ̀wé sí wọn títí, èsì kò wá. Ọmọ kíláàsì mi kan rí i pé inú mi kò dùn, ó ní, "Mà, kí ni wọ́n ń pè é? Mo máa bá yín rí PDF ẹ̀ kó tó dalẹ́." Ó sì rí i lóòótọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ọmọ yẹn kọ́ lọ́jọ́ náà: ẹni tó sanwó kò rí ìwé kà, ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ń kà á fàlàlà. Kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe ní kíláàsì tó máa borí ẹ̀kọ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí àgádágodo tí wọ́n ń fi sára ìwé orí ẹ̀rọ kó má baà ṣeé pín. Kò dá olè dúró. Ẹnìkan ṣoṣo tó mọ ọ̀nà ló máa já a, gbogbo ayé á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣíṣí. Olóòótọ́ tó fowó rà á ni àgádágodo náà wà fún títí láé. Àwọn òǹtẹ̀wé kan ti rí èyí. Ní 2012, Tor, tó ń tẹ ìtàn àròsọ nípa ọjọ́ iwájú àti ayé mìíràn, yọ ọ́ kúrò lára gbogbo ìwé orí ẹ̀rọ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù jáde sọ pé àwọn kò rí i pé olè pọ̀ sí i. Ọdún 2012 náà ni J. K. Rowling bẹ̀rẹ̀ sí í ta Harry Potter lórí ìkànnì tirẹ̀ láìsí àgádágodo. Àmì tó ń tọ́ka sí ẹni tó rà á ló wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Èyí wù mí fún ìwé Yorùbá. Ẹ kọ orúkọ olùrà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọmọ Yorùbá mọyì orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá kọ orúkọ ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ sára ìwé á ronú kó tó jù ú sínú gúrúùpù.

Lílé olè kiri nìkan kò sì lè yanjú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà gba àdírẹ́sì Z-Library, ọ̀kan lára ibi tí ìwé ọ̀fẹ́ pọ̀ sí jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì mú ará Rọ́ṣíà méjì ní Ajẹntínà lórí ẹ̀sùn náà. Kí ọdún 2023 tó jìnnà, ìkànnì náà ti padà. Níbi tí àwọn tó ní FBI ti ń sá eré àsápajúdé báyìí, kí ni òǹtẹ̀wé tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ fi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún gúrúùpù Telegram?

Nílé wa níbí, OkadaBooks tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013 ṣe ohun tí àwọn òǹtẹ̀wé ńlá kò ṣe. Ó jẹ́ kí ènìyàn lè fi náírà ra ìwé sórí fóònù rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹni tí òǹtẹ̀wé kankan kò gbà lè tajà. Ó kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ó dùn mí gan-an. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìwé ilé-ìwé bá ti kó ìwé wọn lọ sí irú ibẹ̀ lásìkò tó yẹ, a kì bá tí dé ibi tí a wà yìí.

Àwáwí kan tún kù tí mo fẹ́ dáhùn, torí ó kan iṣẹ́ mi. Wọ́n ní àmì ohùn Yorùbá kì í jẹ́ kí ìwé dúró dáadáa lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ọ tàbí ẹ tó ní àmì lórí kò ní ààyè tirẹ̀ lódidi nínú Unicode. Lẹ́tà dá dúró, àmì orí rẹ̀ dá dúró, ẹ̀rọ ló máa so wọ́n pọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá gbọ́ èdè yìí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí kékeré. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì tó ń gbé e dáadáa wà, Charis SIL àti Noto wà lára wọn, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹ fi fọ́ǹtì sínú ìwé náà, kó máa tẹ̀lé e lọ síbikíbi. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ronú kan àwọn tí kò ríran pẹ̀lú. Mo ti kọ́ ọmọ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran rárá. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè sí i létí. PDF tí a fi fọ́tò ṣe kò wúlò fún un, torí fóònù kò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àwòrán ló rí. Nàìjíríà ti wọ Àdéhùn Marrakesh láti 2017, èyí tó fàyè gba ṣíṣe ẹ̀dà tí irú wọn lè kà láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé. Àṣẹ wà, ẹ̀dà tí wọ́n máa bá bẹ̀rẹ̀ ni kò sí. Àwọn ará wa tó wà lókè òkun náà ń ké irú igbe yìí. Àbúrò mi tó wà ní Houston fẹ́ Aláwíyé fún àwọn ọmọ rẹ̀; owó ìfiránṣẹ́ ju owó ìwé lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Dọ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣe tán láti san án.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, ẹ kó ìwé àtijọ́ tó wà ní yàrá yín jáde, ẹ tún un tẹ̀ sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, ẹ bu owó náírà tí olùkọ́ lè san lé e, ẹ jẹ́ ká lè fi tíránsífà tàbí USSD sanwó, kí ìwé náà sì di tiwa pátápátá bí a bá ti sanwó. Ẹ fún òǹkọ̀wé ní ìpín tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó wọ́pọ̀ nínú ìwé orí pépà, torí ẹ kò ra pépà níbí. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ tà mọ́, ẹ dá àṣẹ rẹ̀ padà fún òǹkọ̀wé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní tiwa, a ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń bójú tó gúrúùpù wa, a sì ti fẹnu kò pé ìwé tó bá ṣì wà lọ́jà, a kò ní jẹ́ kó gbélé níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè fún un, nọ́ńbà fóònù òǹkọ̀wé tàbí ti ilé-ìtàwé la máa fún un. Àwọn kan bínú jáde, wọ́n ní a ti sọ gúrúùpù di ọjà. Fún ìwé tí kò sí lọ́jà, à ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún tó jáde, pẹ̀lú iye olùkọ́ tó fọwọ́ sí i pé òun máa rà á bí wọ́n bá gbé e jáde. A máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín kí sáà tuntun tó wọlé, a ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣọwọ́ sí NCC. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí òbí tó bá mọ ìwé Yorùbá tó ti wá títí tí kò rí rà, kó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, wọ́n á bá mi fi kún un.